Ilé Tí A Kì Í Dárúkọ Onílé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti tú palẹ̀: ahoro. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò sọ pé ilé tí ó ti wó ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé lè dúró ṣánṣán, kí páánù orí rẹ̀ máa dán, kí ó sì jẹ́ ahoro. Ilé mìíràn lè ti ya lára, kí òjò máa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí èéfín bá ṣì ń rú níbẹ̀, ilé ni. Ìgbà tí àwọn ènìyàn fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1836 ni ibẹ̀ ti di ahoro, kì í ṣe ìgbà tí ògiri rẹ̀ wó tán. Ẹni tí ó lọ ni ó ń sọ ilé di ahoro. Bí ẹni náà bá sì lọ láìdágbére, àwọn tí ó kù yóò wá nǹkan fi dí àyè rẹ̀: iwin, ànjọ̀nú, egbére, tàbí òkú tí kò sùn.

Ìlú Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìwé lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀ láti gba ohùn àwọn Yorùbá tí a bí sí Gánà sílẹ̀. Lapaz ni mo máa ń dé sí, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alhaji. Ẹnìkẹta wa ni Tíṣà, ọmọ Gáà tí ó ti fẹ̀yìn tì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn wá, síbẹ̀ ohun tí a fẹ́ràn jù ni kí a máa rìn káàkiri ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí a máa wọ inú àwọn ilé òfìfo tí wọ́n ní ẹ̀rù ń bẹ níbẹ̀. Àwọn ìyàwó wa kò rí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀.

Lapaz kò ṣe aláìní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ńlá N1, tí wọ́n fi owó ìrànwọ́ láti Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2012, gba àdúgbò náà kọjá. Wọ́n wó àwọn ilé tí ó wà lójú ọ̀nà kí ó tó rí àyè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé ni a bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí: owó tán, ẹjọ́ ilẹ̀ wọ̀ ọ́, tàbí onílé wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò fọhùn mọ́. Wọn a fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró, tàbí pé ilé náà kì í ṣe títà.

Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọjà. Obìnrin aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí i kìlọ̀ fún wa pé obìnrin aláṣọ funfun ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, pé iná ń tàn níbẹ̀ lóru, iná tí kì í jó nǹkan. Sisa ni àwọn Gáà ń pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Àwọn Akan ní saman. A wọlé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Àtẹ̀gùn kò ní ìdìmú, a sì ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ. Lókè, a bá ààrò olókùúta mẹ́ta, eérú tí ó ṣì gbóná, bàsíà irin ńlá mẹ́rin tí a dojú wọn délẹ̀, àti aṣọ tí a sá. Lẹ́yìn náà ni a rí àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tí wọ́n fún ara wọn mọ́ igun yàrá, ọ̀kan pọn ọmọ. Kayayei ni wọ́n, àwọn alárù tí ń wá láti ìhà àríwá Gánà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: kaya, ẹrù, láti inú Haúsá, yei, àwọn obìnrin, láti inú Gáà. Èdè méjì tí kò bá ara tan ni a fi sọ wọ́n lórúkọ, kò sì sí èyí tí wọ́n fa mu lọ́mú nínú méjèèjì.

Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn fi Haúsá bi Alhaji pé, "Ṣé ẹ̀yin ni onílé?" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwa gan-an ni iwin tí wọ́n ń bẹ̀rù. Alhaji ní rárá, ọ̀nà ni a ṣì. A sọ̀kalẹ̀. Aránṣọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú wa. "Ṣé ẹ rí i?" Tíṣà mí kanlẹ̀, ó ní, "A rí i, ìyá. Aṣọ funfun ni ó wọ̀." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàsíà karùn-ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kò jìnnà sí Lapaz ni igbó Achimota wà. Àwọn Gáà a máa sọ pé ìtumọ̀ orúkọ náà ni "a kì í dárúkọ": àwọn ẹrú tí ó sá lọ́wọ́ olówó wọn ni ó fi igbó náà ṣe ibi ìsádi, ẹni tí ń kọjá kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kí àṣírí wọn má baà tú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọdún 1927 ti sọ orúkọ náà di ohun tí gbogbo ayé ń pè láìronú. Àwa Yorùbá pẹ̀lú mọ irú ìfibò yìí: ejò a di okùn ilẹ̀ lóru, Ṣọ̀pọ̀ná a di ilẹ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n mo bá Tíṣà jiyàn lé e pé ìyàtọ̀ wà. Ara wa ni a ń fi okùn ilẹ̀ dáàbò bò. Ní Achimota, ẹni tí a kò dárúkọ ni a ń dáàbò bò. Iṣẹ́ tí aránṣọ Lapaz ń ṣe nìyẹn.

Àìdárúkọ kẹta wà tí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Accra New Town ń jẹ́ Lagos Town tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn ará Nàìjíríà tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Ibẹ̀ ni a bí Alhaji sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún méjìlá ni Alhaji nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé aládùúgbò kan lọ́wọ́, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ náà ní ọmọ Gánà. Títí bàbá náà fi kú ni ó ń sọ pé àkúdàáyà ni òun: Accra ni òun kú sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun ti ń rìn. (Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ òsì júwe Gánà. Ìbàdàn ni Tíṣà ti ń kọ́ni nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà ní oṣù kìíní ọdún 1983. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó fi rédíò rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní ó ṣeé ṣe kí ó ṣì máa sọ̀rọ̀.)

Ọjọ́ tí a lọ wo ilé náà, Alhaji kò sọ̀rọ̀ nínú trotro. Láti ìgbà tí ó ti padà sí Gánà ni ó ti ń yẹra fún òpópónà yẹn. Ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé Alata kan ń ka owó nínú yàrá òkè lóru, èyí tí kò jẹ́ kí ayálégbé pẹ́. Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Gánà. Àwọn ènìyàn wa rò pé ata tí a ń tà ni ó fà á, ṣùgbọ́n èmi gbà pé Alada, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ni orúkọ náà ti wá: ìran àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá kọ́ James Fort ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ṣì ń jẹ́ Ngleshie Alata ní Jamestown. Gbogbo òpópónà mọ̀ pé Alata ni onílé. Orúkọ rẹ̀ ni kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìyá arúgbó tí ń ṣọ́ ilé náà jáde sí wa, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó béèrè ẹni tí a ń wá. Alhaji dákẹ́ pẹ́. Ó wá dárúkọ bàbá rẹ̀, ó fi oríkì tì í, ó tún fi agbo ilé wọn kún un.

"Ṣé òun ni ó ń ka owó?"

"Ìyá, wọ́sí-wọ́sí ni bàbá mi ń tà. Kò ní owó tí ènìyàn lè kà mọ́jú. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń dún, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó tún orúkọ náà pè, kí òun lè máa kí i bí òun bá ń gbá yàrá òkè. Ahọ́n rẹ̀ kò gbà á dáadáa. Mo fa ewé kan ya nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kọ orúkọ náà gàdàgbà, mo sì fi àmì ohùn sí i. Alhaji gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tó fi lé ìyá náà lọ́wọ́.