Ọkàn Tí A Gbàgbé

 

Tí a bá dárúkọ ọkàn nínú wáàsí, ìgbàgbọ́ ni a sábà máa ń rò. Lónìí, ọkàn tí ó ń lù nínú àyà gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹ̀gbọ́n mi jábọ́ láti orí ilé tí à ń kọ́, okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn sì fara pa. Ilé-ìwòsàn egungun ní Igbóbì, ní Yábàá wa níbí, ni a gbé wọn lọ. Ilé-ìwòsàn yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1945 nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà sílé lórí kẹ̀kẹ́, àdúà ẹsẹ̀ nìkan ni à ń ṣe. Àánú wọn ń ṣe wá. Ẹran díndín, ẹ̀bà ńlá àti ẹlẹ́rìndòdò ni a fi ń kẹ́ wọn. A kì í tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ti kẹ̀kẹ́.

A kò mọ̀ pé ìkẹ́ yẹn léwu. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ a máa joro, ọ̀rá a sì gba ipò rẹ̀. Ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè ga. Àrùn ọkàn wà lára ohun tí ó ń pa àwọn tí ó ní irú ìpalára yìí jù. Bí ìpalára náà bá wà lókè ẹ̀yìn tàbí lọ́rùn, ọkàn lè máa ṣàìsàn kí àyà má dun ẹni náà rárá.

Lóru ọjọ́ kan, orí fọ́ ẹ̀gbọ́n mi gidigidi, òógùn sì bò wọ́n lójú. A rò pé ibà ni. Ìyàwó wọn ni ó rí i pé rọ́bà ìtọ̀ wọn ti lọ́. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde ni ó gbé ìfúnpá wọn sókè lójijì, irú èyí tí ó lè pa ènìyàn. A gbé wọn jókòó, a tú aṣọ tí ó fún wọn, a tọ́ rọ́bà náà, a sì sáré gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Láti ìgbà náà, à ń yẹ ìfúnpá, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ẹja àti ẹ̀fọ́ ti gba ipò ẹran díndín. Wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ti kẹ̀kẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé gbé kalẹ̀ lọ́dún 2018.

Ànábì wa, ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a, kọ́ wa pé ara ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni. Bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ máa tọrọ ẹsẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọkàn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.