Ẹ Ka Ara Táyà Kí Ẹ Tó Sanwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí. Mo tilẹ̀ fi kọ àròkọ nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè Yorùbá ní yunifásítì. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí mo lọ ra táyà, òwe náà kò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Oṣù Agẹmọ ọdún 2023 ni. Owó epo bẹntiróòlù ti fò láti nǹkan bíi ₦185 sí ₦488 lítà kan ní Èkó lóṣù bíi méjì ṣáájú, gbogbo nǹkan sì ti gbówó lórí. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì lára ọkọ̀ Corolla tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ti jẹ débi pé wọ́n ń dán bí orí apárí. Mo lọ bá ẹnì kan tó ń ta táyà tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú níbí. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó pè mí ní sístà rẹ̀, ó sì gbé méjì jáde tí wọ́n dúdú kirikiri.

"Ẹ wo eyín rẹ̀," ó ní, "ó ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti tú u."

₦18,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tuntun ń lọ sí ₦54,000. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo sanwó, mo sì tún dúpẹ́.

Ọjà Olúwò ní Ẹ̀pẹ́ ni màmá mi ti máa ń ra ẹja tó ń tà. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ọ̀wàwà ọdún yẹn, èmi ni mo wa ọkọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó sẹ́yìn. Kúlà ẹja méjì wà nínú búùtù. À ń padà bọ̀ nílé, a kò tíì dé Itóìkín, oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, mo sì ń sáré bíi kìlómítà 80 ní wákàtí kan, ni mo bá gbọ́ "gbòà!" lẹ́yìn. Ìdí ọkọ̀ fì sí ọ̀tún, ó fì sí òsì. Ọkọ̀ akóyanrìn kan sì ń bọ̀ níwájú. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi nígbà tí mo ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ni pé bí táyà bá bẹ́, ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì ló máa gbókìtì. Mo di sítíárìn mú ṣinṣin, mo rọra yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Akóyanrìn náà kọjá bí ìjì. Ọkọ̀ wa rọra dúró sínú koríko.

"Àǹtí," ọmọ náà bi mí, "ṣé ọkọ̀ ti kú ni?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn nínú èmi àti màmá.

Nígbà tí mo gbé sípíà jáde, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ó ti pé ọdún tí ẹnikẹ́ni ti wò ó. Kí a tó rí ẹni tó bá wa fún un ní afẹ́fẹ́, wákàtí mẹ́ta ti lọ, yìnyín inú kúlà sì ti yọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà ni màmá ti ta ẹja rẹ̀ ní iye tó bá ṣáà ti wá. Kò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Lọ́jọ́ kejì, mo yí òkú táyà náà lọ sọ́dọ̀ bàbá tó máa ń bá wa lẹ táyà ní Agric. Ó yí i padà, ó fi aṣọ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o kàwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, mo kàwé."

"Ó dáa. Ka ibí yìí fún mi."

Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ lé àmì DOT: 2416. Bàbá ṣàlàyé pé méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn sì ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe táyà náà. Ọjọ́ tí mo rà á, ó ti pé ọdún méje. Ojú tì mí. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, n kò ka ohun tí wọ́n kọ sára ohun tí mo fẹ́ fi gbé ìyá mi.

Ẹ̀yin olùkà mi, rọ́bà máa ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ a mú un gan, a sì máa ya wẹ́wẹ́ láàárín eyín àti ní ẹ̀gbẹ́. Eyín lè jinlẹ̀ kí ara ti kú. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun tòkunbọ̀ ló ń bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fi ń kìlọ̀ pé kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Tuntun pàápàá, ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ìgbà kan wà tí a ń ṣe táyà nílẹ̀ yìí: Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní 2007; kò pẹ́ púpọ̀ tí Dunlop náà fi dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, orí omi ni táyà tí à ń rà ń gbà wá, ó sì lè pẹ́ nínú kọ̀ǹténà tàbí nínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó kàn wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ orí, ẹ wo ìwọ̀n. Ti ọkọ̀ wa ni 195/65R15 91H. 195 ni bí ó ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. 15 ni ìwọ̀n rìmù ní ínǹṣì. 91 ń sọ pé táyà kan lè ru 615 kílò, H sì ń sọ pé kò gbọdọ̀ kọjá kìlómítà 210 ní wákàtí kan. Ẹni tó ń kó ẹja bíi tiwa kò gbọdọ̀ ra èyí tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀ rẹ̀.

Ibi tí a ti ń mọ èyí tó ń di ilẹ̀ mú tí ó sì ń pẹ́ nìyí. Lára ọ̀pọ̀ táyà, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Treadwear ni ti pípẹ́: èyí tó ní 400 yẹ kó pẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó ní 200. Traction ni ti dídi ilẹ̀ mú bí a bá tẹ bíréèkì lójú ọ̀dà tó tutù: AA ló ga jù, A tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà B àti C. Temperature ni ti ìfaradà ooru, láti A dé C. Ẹ má wo pípẹ́ nìkan, nítorí rọ́bà tó le tó sì pẹ́ lè máa yọ̀ nínú òjò. Èmi wá 400 tí traction rẹ̀ jẹ́ A, tí temperature rẹ̀ náà sì jẹ́ A. Eyín táyà ló ń lé omi kúrò lábẹ́ rẹ̀; bí ó bá ti jẹ kan òkè kékeré tó wà láàárín ihò eyín náà, ó ti ku mìlímítà 1.6 péré. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Màmá ló kó àjọ rẹ̀ fún mi láti ra méjì tuntun. Iwájú ni mo fẹ́ fi wọ́n sí. Bàbá ní rárá, ẹ̀yìn ni tuntun ń lọ, nítorí bí ẹ̀yìn bá yọ̀, agbára káká ni awakọ̀ fi lè mú ọkọ̀ bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà, mo ń wọn afẹ́fẹ́ ní àárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbóná, títí kan sípíà. Iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ ni mo ń tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tòkunbọ̀ ₦18,000 lo oṣù mẹ́ta: ₦6,000 lóṣù. Tuntun ₦54,000 ti lo oṣù méjìdínlógún báyìí: ₦3,000 lóṣù, eyín rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀. N kò tíì ka owó ẹja mọ́ ọn.

Lóṣù tó kọjá, a lọ ra méjì ti iwájú. Màmá mi kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí oníṣọ́ọ̀bù tó dárúkọ iye, ó ti pe ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Wá ka ọjọ́ orí rẹ̀ fún ìyá àgbà."

Ọmọ náà tẹ̀ ba, ó fi ìka tọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n sókè ketekete. Ìgbà yẹn ni màmá tó tú ìdí aṣọ rẹ̀.