Kànáfùrù Lásìkò Ọyẹ́

Òdòdó ni kànáfùrù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á l'Ọjà Ọba l'Ọ̀wọ̀ rò pé èso igi ni, ṣùgbọ́n òdòdó tó rudi ni, tí wọ́n ká kó tó tanná, tí wọ́n sì sá sóòrùn títí ó fi dúdú. Erékùṣù Maluku ní Indonéṣíà ni igi rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19 ni àwọn Lárúbáwá Oman sọ Zanzibar àti Pemba di oko rẹ̀. Àwọn ìyá wa ti gbà á sílé tipẹ́: wọ́n ń jù ú sínú zobo, wọ́n ń fi há aṣọ nínú àpótí, ẹni tí eyín ń dùn a sì rún un lẹ́nu títí èrìgì á fi kú tipiri.

Eugenol ló ń ṣe é. Òun ló máa ń pọ̀ jù nínú òróró kànáfùrù, àwọn dókítà eyín náà sì ń pò ó mọ́ zinc oxide láti fi dí ihò eyín fúngbà díẹ̀. Àwọn oríṣi efinrin kan ní in pẹ̀lú. Bí ọyẹ́ bá dé, tí imú bá dí, ìyá mi a da omi gbígbóná sí bàsíà, a ju kànáfùrù àti ewé efinrin sí i, a ní ká máa fa ooru rẹ̀ símú. Àyà a là, ọkàn a rọlẹ̀, oorun a dé. Ọmọ Faransé kan, René-Maurice Gattefossé, tẹ ìwé jáde lórí irú ìtọ́jú olóòórùn báyìí ní 1937. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni èmi ti kọ́ ọ, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba.

Òróró inú ìgò le ju ti inú bàsíà lọ. Ẹ̀kán 3 péré nínú ṣíbí ńlá 2 àdí àgbọn ti tó láti fi pa àgbàlagbà lára. Bí a kò bá pò ó mọ́ àdí, ó lè bó awọ. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ó lè fa gìrì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé ẹ mu ún, ó ń wo gbogbo àìsàn, ń ṣe wá ní ibi.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: àsìkò ọyẹ́ tí à ń fi òróró yìí pa àyà náà ni ibà Lassa ń gbilẹ̀, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ sì wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní Lassa, ní Borno, ni wọ́n ti dá a mọ̀ ní 1969; ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti sábà máa ń ranni, bíi gààrí tí a sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí oúnjẹ tí a kò dé. Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara á gbóná, orí á fọ́, ọ̀fun á dùn, àárẹ̀ á mú ni. Àwọn nǹkan tí a fi ń wá kànáfùrù nìyẹn gan-an! Òróró á mú ara fúyẹ́ lóru ọjọ́ kan, àrùn á sì máa bá tirẹ̀ lọ nínú. Oògùn ribavirin tí wọ́n ń lò fún un kì í fẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìfọ̀n, Ìdóàní àti Ọ̀wọ̀, bí ara bá gbóná fún ọjọ́ 2 tí oògùn ibà kò sì ràn án, ẹ gbé aláìsàn lọ sí Federal Medical Centre (FMC) Ọ̀wọ̀, wọ́n ní ibi ìtọ́jú Lassa níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn bí eku bá ń wọ ilé yín.