Ìwé Àṣẹ Màmá Mi

Ìbọn ṣakabùlà bẹ́ mọ́ bàbá màmá mi lọ́wọ́, ó gé ìka wọn méjì. Nígbà tí àbúrò màmá mi, tí à ń bá gbé ní Texas, ní kí n bá àwọn yan ìbọn ìléwọ́ tí a ó máa yìn sí bébà, màmá kọ̀. Òfin Amẹ́ríkà sì ní ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ di irú rẹ̀ mú láìní ìwé àṣẹ òbí.

Mo ṣàlàyé pé ọta .22 kò wọ́n, kì í sì í ta ọwọ́ sẹ́yìn púpọ̀. Ruger Mark IV ni mo yàn, nítorí bọ́tìnì kan péré la ń tẹ̀ láti tú u kí a lè nù ún.

Màmá dákẹ́. Wọ́n kọ ìwé náà. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni: "Kọ́kọ́ yọ ọta."

Mo máa ń ka ìlà yẹn kí n tó fọwọ́ kan ìbọn.