Igbà Ni, Àbí Igbá?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ewì lẹ ń retí lọ́wọ́ mi. Ẹ má bínú. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ rò lọ́tẹ̀ yìí, èmi gan-an sì ni ọ̀daràn.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ló mọ oríkì ilé wa jù lọ. Ìyàwó ilé ni wọ́n, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìyàwó ilé ló ń mọ oríkì ọkọ ju ọmọ ilé lọ. Nígbà ìsinmi ọdún kejì mi ní yunifásítì, mo jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ń ké e, mò ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Wéré-wéré ni mò ń kọ ọ́ o: kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Èmi tí mò ń ka Yorùbá! Mo ní ìgbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni màá fi àmì sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe. Tí mo bá ti tẹ ìlà mẹ́wàá, màá kà á sí wọn létí. Wọn á ní, "Rárá, ọkọ mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," wọn á tún un sọ, màá sì tún un ṣe. Ìlà 640 ni gbogbo rẹ̀.

Kó má baà sọnù, mo kó o sínú database. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní àká, torí iṣẹ́ àká náà ló ń ṣe. PostgreSQL ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni. Inú mi dùn débi pé mo pa ohùn ìyá tó wà lórí fóònù rẹ́, kí àyè lè gba orin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá papòdà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ ilé ní àwọn náà fẹ́ máa wá ọ̀rọ̀ nínú àká yẹn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù. Tí wọ́n bá tẹ "ona", àká kò ní rí nǹkan kan. Mo ní ìyẹn ò le. Mo kọ àṣẹ kúkurú kan tí yóò ṣe ẹ̀dà ìlà kọ̀ọ̀kan láìsí àmì, tí yóò sì kó ẹ̀dà náà sínú òpó kejì, kí òpó kìíní tó ní àmì wà bó ṣe wà. Mo ní kí àká máa wá ọ̀rọ̀ nínú òpó méjèèjì. Agogo méjì òru ni, oorun ń kùn mí. Ibi tó yẹ kí n kọ orúkọ òpó kejì sí, orúkọ òpó kìíní ni mo kọ síbẹ̀. Àká dá mi lóhùn pé "UPDATE 640". Ó parí. Gbogbo àmì tí ìyá fi ẹnu ara wọn tún ṣe ti lọ.

Ibi tó dùn mí jù rèé: kò sí ohun tó ké. Mo tẹ "ona", àká rí i kíá. Mo yọ̀! Nǹkan tuntun ń ṣiṣẹ́, mi ò wo ti àtijọ́ wò rárá. Lọ́jọ́ kejì mo ṣe ẹ̀dà àká sórí flash, mo fi bo ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí mo fẹ́ fi oríkì náà ṣe iṣẹ́ kíláàsì, kí n tó rí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Mo sáré padà sídìí ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ. Ẹ wo ìlà kan níbẹ̀:

Omo agbe igba ma gbagbe ona.

Ẹ bá mi kà á. Ṣé "Ọmọ a-gbé-igbà má gbàgbé ọ̀nà" ni? A jẹ́ pé ẹlẹ́mu ni baba ńlá wa, tó ń gbé igbà kọ́ èjìká lọ gun ọ̀pẹ, tí kì í ṣìnà nínú igbó. Àbí "Ọmọ a-gbẹ́-igbá má gbàgbé ọnà" ni? A jẹ́ pé igbá ni wọ́n ń gbẹ́, tí wọ́n ń fín, oníṣọ̀nà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní igbà ni. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní irọ́ ni, igbá ni, òun rí igbá fínfín nílé nígbà tí òun wà ní kékeré. Èmi ńkọ́? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rí, mo sì ti kọ ọ́ bó ṣe yẹ rí. Mi ò rántí.

Púpọ̀ nínú àwọn ìlà yòókù ṣeé tún ṣe, torí ìtumọ̀ wọn hàn, tàbí torí pé àwọn àgbà ilé fẹnu kò lórí wọn. Ṣùgbọ́n ìlà 37 ló wà bí ọ̀kan yìí.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní yàrá kejì sí tiwa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo rò fún wọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Àbúrò, ìwọ ò ní regression test ni?" Mo ní kí nìyẹn? Wọ́n ṣàlàyé. Èmi ni mo wá sọ ọ́ ní ìdánwò ìfàsẹ́yìn: kì í béèrè bóyá nǹkan tuntun ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń béèrè ni pé, ṣé ohun tó dára lánàá ṣì dára lónìí?

Wọ́n ní àwọn tó ṣe PostgreSQL fúnra wọn kò fọkàn tán ọwọ́ ara wọn. Tí èèyàn bá gba kóòdù rẹ̀, tó kọ́ ọ, tó sì pa àṣẹ "make check", yóò gbé àká kan kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò bi í ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, yóò kó ìdáhùn rẹ̀ sínú àpò tó ń jẹ́ results, yóò wá fi wé ìdáhùn tó tọ́, tó wà nínú àpò expected. Tí ìyàtọ̀ bá wà, inú fáìlì regression.diffs ni yóò kọ ọ́ sí. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní build farm: kọ̀ǹpútà àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ ẹranko, tí wọ́n ń gba kóòdù tuntun, tí wọ́n ń kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń dán an wò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń rán wọn létí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ò lè máa fi ọwọ́ ṣe é ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí oorun ń kùn lágogo méjì òru, ṣé wàá rántí?"

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin la fi ṣe tèmi. Tí mo bá pa àṣẹ kan ṣoṣo, yóò wó àká ìdánwò ti tẹ́lẹ̀ dànù, yóò kọ́ òmíràn láti ìpìlẹ̀, yóò kó gbogbo ìlà sínú rẹ̀, yóò sì ṣe àyípadà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Kò ní fọwọ́ kan àká gidi. Lẹ́yìn náà ni yóò máa béèrè. Ṣé ìlà 640 ṣì pé? Ṣé ìlà kejìlá ṣì rí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà, àmì fún àmì? Tí mo bá wá "ọ̀nà", ṣé "ọnà" kò ní bá a jáde? Ìdáhùn kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ti inú expected.

A kọ́kọ́ ní kó máa ṣe é fúnra rẹ̀ lágogo méjì òru. Ẹ mọ họ́sítẹ́ẹ̀lì wa: iná ti lọ, laptop ti kú. A wá so ó mọ́ git, débi pé kò sí àyípadà tí mo lè fi pamọ́ tí ìdánwò kò bá tíì yege. Ọ̀sẹ̀ kejì ló ti mú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi tún ìlà mélòó kan tẹ̀, ojú mi kò rí àléébù kankan, àmọ́ ìdánwò ní rárá. Àṣé lẹ́tà ọ ṣeé tẹ̀ lọ́nà méjì: bíi lẹ́tà kan tí àmì ìsàlẹ̀ ti wà lára rẹ̀, tàbí o lásán tí a wá fi àmì sí lábẹ́. Ojú kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀. Àṣẹ kan wà nínú PostgreSQL láti ẹ̀dà 13 ti ọdún 2020, normalize lorúkọ rẹ̀, òun ló sọ méjèèjì di ọ̀kan fún mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn wa. Ọmọ awo kì í kọ́ ẹsẹ Ifá tán kó wá lọ sùn. Yóò máa kí i lójú ọ̀gá rẹ̀ léraléra, tó bá ṣì í, ọ̀gá á dá a dúró. Ìdánwò ìfàsẹ́yìn kúkú nìyẹn. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: orí ọ̀gá ni expected wà. Kọ̀ǹpútà lè béèrè lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lálẹ́ ọjọ́ kan, kò lè mọ ìdáhùn tó tọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un. Ìyá ni expected tèmi, mo sì ti pa ohùn wọn rẹ́.

Ìlà 37 yẹn ṣì wà nínú àká láìsí àmì. Mo kọ ìdánwò kan fún wọn lọ́tọ̀: tí ẹnikẹ́ni bá fi àmì méfò sí ọ̀kan nínú wọn, títí kan èmi náà, kó kọ̀ ọ́. Ó sàn kí a mọ̀ pé a kò mọ̀, ju kí a fi igbá ṣe igbà fún àwọn ọmọ wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ pé ìyàwó ilé wa kan, tí òun àti ìyá jọ máa ń ké oríkì, ṣì wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ṣakí. Wọ́n ní etí wọn ti ń dí díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ṣì wà. Lọ́jọ́ Sátidé, màá wọ mọ́tò àkọ́kọ́. Mo ti pa orin inú fóònù mi rẹ́.