Iye Tí Ojú Rẹ Rí Ni Kí O Kọ

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi nílé ìwádìí ìṣègùn ni fífọ síláìdì. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, òjò ń rọ̀ lákọlákọ n'Ìbàdàn, ẹ̀fọn pọ̀ lóde, àwọn ìyá sì ń gbé ọmọ tí ara wọn gbóná wá láti àárọ̀. Lẹ́tà IT, ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ni mo gbà dé ibẹ̀. Láti ọdún 1973 ni àjọ ITF ti dá ètò náà, SIWES, sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan ohun tó ń kà nínú ìwé. Mo ti kà nípa kòkòrò ibà ní yunifásítì, mo lè ka ìrìn rẹ̀ lórí láti inú ẹ̀fọn dé inú ẹ̀dọ̀ èèyàn, àmọ́ n kò tíì fojú kàn án rí.

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ti wà nídìí máíkíróskópù kí wọ́n tó bí mi. Mummy ni gbogbo wa ń pè é, àti dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé etí ni a ti ń di síláìdì mú, nítorí bí ọ̀rá ìka bá kan ojú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ṣí kúrò nígbà tí omi bá dé ibẹ̀. Èkejì ni pé ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ìdẹ́rùbà lásán. Lọ́dún 1927, Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó wá ṣèwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Èkó, kó àìsàn náà, ó sì kú síbẹ̀.

Lójú síláìdì kan náà la ti ń ta ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà méjì. A ó fi igun síláìdì mìíràn ro ẹ̀kán kan yíká, kó tẹ́, kó sì nípọn díẹ̀. Ẹ̀kán kejì, a ó fi etí síláìdì fà á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fẹ́lẹ́. Èyí tó nípọn ló ń jẹ́ ká tètè rí kòkòrò, torí pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ wà lójú kan. Èyí tó fẹ́lẹ́ ló ń jẹ́ ká mọ irú kòkòrò tó jẹ́. Kí èyí tó nípọn tó gbẹ, Mummy á ti ewé ìwé ìròyìn Aláròyé àtijọ́ kan bọ abẹ́ rẹ̀.

"Kà á sí mi létí."

Bí mo bá rí lẹ́tà inú ìwé náà kà tagbáratagbára, ó ṣe é. Bí n kò bá rí ohunkóhun, ẹ̀jẹ̀ náà ti nípọn jù, yóò ṣí dànù nínú aró. Bí mo bá sì ń kà á geere, ó ti fẹ́lẹ́ jù nìyẹn. Lẹ́yìn náà la ó fi nǹkan bò ó kó lè gbẹ, torí eṣinṣin kì í bẹ̀rù ìwádìí: bó bá rí àyè, yóò lá ẹ̀jẹ̀ náà tán.

Bó bá gbẹ, a ó fi methanol kan èyí tó fẹ́lẹ́ nìkan. Bó bá fi lè kan èkejì, sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ kò ní bẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ a fẹ́ kí wọ́n bẹ́ kí kòkòrò lè hàn. Aró Giemsa ló kàn, èyí tí wọ́n fi orúkọ Gustav Giemsa, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, pè. Bí aláìsàn bá ń dúró de èsì, a ó po aró náà ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì tó o. Fún ti ìwádìí, ìdá mẹ́ta péré ni, a ó sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Máíkíróskópù olórí méjì wà níbẹ̀, kí ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ lè jọ máa wo ohun kan náà. Plasmodium falciparum ni irú kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ jù lọ nílẹ̀ wa. Lójú síláìdì, ó rí bí òrùka: ara rẹ̀ búlúù, òkúta orí rẹ̀ pupa. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú aró náà máa ń ní àwọ̀ tó jọ ọ́. Mummy kọ́ mi pé kí n máa rọra yí bọ́tìnnì tó ń mú kí ohun tí a ń wò hàn kedere síwá-sẹ́yìn. Ìdọ̀tí sábà máa ń hàn kedere nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì bá ti pòórá. Ojúlówó kòkòrò, àárín wọn ló ti máa ń hàn.

Kíkà ló gba ojú jù. Ọwọ́ kan ń ka kòkòrò, ọwọ́ kejì ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun. Bí a bá ka sẹ́ẹ̀lì funfun dé 200, tí kòkòrò sì ti tó 100, a lè dúró. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, a ó kà á dé 500. Bí kòkòrò bá jẹ́ 120 sí sẹ́ẹ̀lì funfun 200, a ó fi 8,000, iye sẹ́ẹ̀lì funfun tí a gbà pé ó wà nínú máíkírólítà kan, sọ 120 di púpọ̀, a ó fi 200 pín in: 4,800 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí kòkòrò láìjẹ́ pé ó ti wo ojú ibi 100 lórí síláìdì ó kéré tán. Ẹlòmíràn tí kò mọ èsì tèmi yóò tún ka síláìdì náà. Bí ọ̀rọ̀ wa kò bá dọ́gba, ẹni kẹta ni yóò là á.

"Iye tí ojú rẹ rí ni kí o kọ," ni Mummy máa ń sọ. "Má kọ èyí tí o rò pé dókítà ń retí."

Ó tún mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá kí ọmọ wọn lè wọ inú ìwádìí oògùn ibà. Ọ̀dọ́bìnrin kan di ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi yìí, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ tà á?"

Mummy ò bínú. Ó fa àga sún mọ́ ọn. "Ìyàwó mi, ẹ̀kán díẹ̀ láti orí ìka ni. A fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn yìí ṣì ń ran ibà. Bí o bá ní o ò ṣe, a ó ṣì tọ́jú ọmọ rẹ bó ṣe yẹ. Bí o bá gbà lónìí, tí o sì yí ọkàn padà lọ́la, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà." Obìnrin náà ní òun fẹ́ fi tó bàbá ọmọ létí ná. Mummy ní kó lọ, kó fara balẹ̀ bi í.

Àwọn ọmọ tó wà nínú irú ìwádìí oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń padà wá fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje, títí dé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kòkòrò bá ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ní ọjọ́ kẹta, àwọn onímọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí oògùn náà. Irú ìwádìí yìí ló fi hàn pé chloroquine kò ran ibà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, tí ìjọba Nàìjíríà fi yí ìlànà padà lọ́dún 2005, tí a fi ń lo àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin nínú. N'Ìbàdàn kan náà ni Lucio Luzzatto àti Essien Usanga pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn ti ka kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí sẹ́ẹ̀lì pupa wọn jẹ́ oríṣi méjì, èyí tó ní èròjà G6PD tó àti èyí tí kò ní i tó. Kòkòrò pọ̀ gan-an nínú ti àkọ́kọ́ ju ti ìkejì lọ. Lọ́dún 1969 ni ìwé ìròyìn Science gbé e jáde fún gbogbo ayé. Kíkà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ibi tí wàá lò nígbà ìsinmi, má wo orúkọ ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Béèrè ẹni tí yóò jókòó tì ọ́, kí o sì béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ yóò lè dá ṣe nígbà tí o bá fi máa lọ. Bó bá jẹ́ pé kí o máa ra oúnjẹ kí o sì máa ṣe fọ́tòkọ́pì ni, wá ibòmíràn lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àga kejì ìdí máíkíróskópù ṣófo. Ẹni tí ẹ bá gbé jókòó síbẹ̀ lónìí ni yóò máa kà nígbà tí ojú tiyín bá rẹ̀.