Ìgbì Tó Tẹ̀ Bí Ọrun

Ọmọ mi obìnrin fi àwòrán kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, kí ni à ń pe èyí ní Yorùbá?" Ẹnu mi wọhò.

Àwòrán Bullet Cluster ni, níbi tí àgbájọ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjì ti kọlu ara wọn. Chandra, ẹ̀rọ awòràwọ̀ tí Amẹ́ríkà gbé lọ sí òfuurufú ní ọdún 1999, ni ó fi ìtànṣán X-ray yà á. Gáàsì ibẹ̀ gbóná púpọ̀ débi pé ojú lásán kò lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Níwájú àgbájọ tó kéré, ìgbì kan tẹ̀ bí ọrun. Ọdún 2002 ni Maxim Markevitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀. Gáàsì ẹ̀yìn ìgbì náà ki, ó sì gbóná ju ti iwájú lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ fi ṣírò pé eré rẹ̀ tó ìlọ́po 3 eré tí ìró ń sá nínú gáàsì náà.

Mo wá rántí ọ̀sà: bí ọkọ̀ bá ń sáré, omi a máa wú níwájú rẹ̀. Mo ní, "Ìgbì ìkọlù ni, ọmọ mi." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Èdè wa kò tálákà. Àwa ni a kì í bi í léèrè.